Ta Ló Bí Igi Àjàrà?

Ẹ̀ka ni wọ́n máa ń gé gbìn bí wọ́n bá fẹ́ gbin àjàrà, bí a ṣe ń gé igi pákí. Àgbẹ̀ tó ń ṣe wáìnì kì í gbin kóró rẹ̀, nítorí ọmọ tó bá hù láti inú kóró kì í rí bí òbí rẹ̀, adùn èso rẹ̀ sì lè yàtọ̀ pátápátá. Igi kan ṣoṣo tó hù nígbà láéláé ni gbogbo àjàrà Pinot tó wà láyé lónìí ti wá. Ọ̀rọ̀ yìí ló fà mí wọ iṣẹ́ jíìnì àjàrà: ta ló bí irú igi bẹ́ẹ̀?

Àwọn tó ṣáájú wa, ojú ni wọ́n fi ń dá àjàrà mọ̀. Ọ̀gá wọn ni Pierre Galet ní Montpellier, ẹni tó lè wo etí ewé àti irun tó wà lábẹ́ rẹ̀, kó sì pe orúkọ igi náà. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yẹn, a ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ojú kò lè tú ìdí ìran. Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ni iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ibì kan nínú DNA tí lẹ́tà díẹ̀ ti ń tún ara wọn pè léraléra. Iye ìgbà náà yàtọ̀ láti igi sí igi, ọmọ sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá.

Ní 1997, John Bowers àti Carole Meredith ní Yunifásítì California ní Davis fi hàn pé Cabernet Franc àti Sauvignon Blanc ló bí Cabernet Sauvignon. Dúdú àti funfun ló para pọ̀ bí i!

Ìwádìí tó jáde ní 1999 ni mo fẹ́ràn jù. Pinot àti Gouais Blanc ló bí Chardonnay, Gamay àti àwọn mìíràn, 16 lápapọ̀. Pinot ni àjàrà àwọn ọlọ́lá. Gouais ni ti tálákà, àwọn aláṣẹ sì gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti fi òfin lé e kúrò lóko. Ká ní òfin náà tètè múlẹ̀ ni, Chardonnay kì bá tí sí. Zinfandel tí California fi ń yangàn náà, ìwọ̀nba igi díẹ̀ ló ṣẹ́ kù níbi tó ti wá, nígbà tí wọ́n rí i ní 2001 nínú oko kan ní Kaštel Novi, létí òkun Croatia. Crljenak Kaštelanski ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìdí ìran, àìsàn ló gba iwájú nínú iṣẹ́ wa. Bakitéríà Xylella ń dí ọ̀nà omi inú igi, igi a sì gbẹ. Andrew Walker ní Davis mú agbára tó ń kojú rẹ̀ láti ara àjàrà igbó, Vitis arizonica, ó ń so ó mọ́ àjàrà wáìnì láti ìran dé ìran títí wọ́n fi gbé irú 5 jáde ní 2019. Nínú irú iṣẹ́ yìí, ẹ̀mú kékeré ni a fi ń yọ apá akọ kúrò nínú òdòdó kí ó tó là, a ó gbé èruku òdòdó igi tí a yàn sí i, a ó fi àpò bébà bò ó. Bí ọmọ bá hù, ewé kékeré kan tó fún wa láti mọ̀ bóyá ó gba jíìnì tó ń kojú àìsàn náà, a kì í dúró de èso.

Síbẹ̀, ibi tí ọkàn mi wà ni Vassal, lẹ́bàá òkun ní gúúsù Faransé. Láti 1949 ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú àjàrà sínú yanrìn níbẹ̀, nítorí fílọ́sérà, kòkòrò tó run oko àjàrà Faransé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò lè gbé inú yanrìn. Ní báyìí, omi iyọ̀ òkun ló ń halẹ̀ mọ́ ilẹ̀ náà. Bí owó ìwádìí bá wọlé lónìí, àwọn igi wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ kàn, kí ó tó kan irú tuntun èyíkéyìí tí a ń ṣe, tèmi náà pẹ̀lú.