Ìwé-Ẹ̀rí Tó Ní Orúkọ Mẹ́sàn-án

Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ọkùnrin tó ń kọ́ ẹnjiníà ni mo fẹ́ sọ, àti àṣìṣe tèmi níbẹ̀.

Láti sẹ́kọ́ńdìrì níhìn-ín ní Kano ló ti ń gba ipò kìíní nínú ìdíje ìṣirò. Nígbà tó dé yunifásítì, ọdún méjì léraléra ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn akẹ́kọ̀ọ́ tó dára jù ní ẹ̀ka rẹ̀. Gbogbo ìwé-ẹ̀rí yẹn ni mo kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábóngàrí. Oníbàárà ò ní tíì béèrè iye ọjà, màá ti nawọ́ sí ògiri.

Àfi bó ṣe dé lọ́dún kẹta, tó ní òun ti wọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe mọ́tò. Mọ́tò kẹ̀? Ó ní ìdíje ni, pé kì í ṣe ẹni tó sáré jù ló ń borí, ẹni tí epo díẹ̀ bá gbé jìnnà jù ni. Lọ́dún 1939 àwọn òṣìṣẹ́ Shell kan ní Amẹ́ríkà ta bẹ́ẹ̀tì lórí irú ẹ̀, lọ́dún 1985 ó di ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Faransé. Àwọn ọmọ Yunifásítì Èkó náà ti gbé mọ́tò lọ síbẹ̀ rí. Ti ọmọ tèmi kéré sí ìyẹn, àárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ níbí ni.

Mo yarí. Mo ní ìwé ni mo rán ọ lọ kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ wẹ́dà. Mi ò fún un ní kọ́bọ̀. Oṣù méjì ni kò fi pè mí, ìyá ẹ̀ nìkan ló ń pè.

Ọjọ́ kan ló yọ sí ṣọ́ọ̀bù, òun àti ọmọ Hausa kan àti ọmọ Tiv kan. Bẹ́árìn kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fẹ́ rà, owó sì wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ Hausa yẹn jókòó sílẹ̀, ó fi bẹntiróòlù fọ gíríìsì inú bẹ́árìn náà kúrò, ó kán òróyìnbó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, ó ní kí n yí i wò. Mo yí i. Kò fẹ́ dúró mọ́! Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ta bẹ́árìn, mi ò mọ̀ pé gíríìsì tó ki máa ń di táyà lọ́wọ́. (Ẹ má lọ dán an wò lára ọ̀kadà yín o, eruku Kano á jẹ ẹ́ tán. Ti eré ọjọ́ kan ni.)

Mi ò gbowó lọ́wọ́ wọn.

Ipò kẹta ni wọ́n ṣe. Ìwé-ẹ̀rí kan ṣoṣo ni wọ́n fún ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn, orúkọ mẹ́sàn-án ló sì wà lára ẹ̀, Hausa, Igbo, Tiv, Yorùbá. Ìkẹfà ni tọmọ mi. Mo béèrè pé kí ló gbé e sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ABD ni wọ́n fi tò ó."

Mo ní kó má bínú sí mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìṣó dà, Bàbá?" Àyè ò sí lára ògiri mọ́. Ti ìṣirò sẹ́kọ́ńdìrì ni mo yọ fún un.