Ẹ̀wà Mẹ́síkò Lórí Ààrò Ọ̀rà

Nínú ìkòkò àdàlú, ìyẹn ẹ̀wà àti àgbàdo tí wọ́n sè pọ̀, tí ó bá wà lórí ààrò ní Ọ̀rà tàbí ní Òkè-Ìlá, tí àwọn méjèèjì jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dayọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀wà àti epo pupa ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo, ata àti tòmáàtì ti wá, Mẹ́síkò gan-an sì ni àwọn àgbẹ̀ ti kọ́kọ́ sọ koríko ìgbẹ́ kan di àgbàdo ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Ní Mẹ́síkò ẹ̀wẹ̀, ẹ̀wà ibẹ̀ ni onílé, ṣùgbọ́n ààyù àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń fi sí i lónìí kò sí níbẹ̀ kí Hernán Cortés àti àwọn ọmọ ogun Sípéènì tó gúnlẹ̀ ní ọdún 1519. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ se ẹ̀wà ní ìlànà Mẹ́síkò ní Ọ̀rà, púpọ̀ nínú ohun tí yóò lò ti wà ní ilé láti ayé àwọn baba ńlá rẹ̀; èyí tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe omi inú ìkòkò.

Ẹ̀wà àwọn ilẹ̀ méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní kóńgò ní ọjà Ìlá Ọ̀ràngún, yálà olóyin tàbí funfun, ni àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pè ní Vigna unguiculata, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti rí hóró rẹ̀ tí ó ti lé ní 3,500 ọdún ní àwọn ibùdó àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Kintampo ní orílẹ̀-èdè Gánà. Òkè Ọya ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá, nítorí pé ilẹ̀ gbígbẹ bá a lára mu ju ọ̀rinrin ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí Ọ̀rà wà, lọ. Ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ń tọ́jú irúgbìn rẹ̀ tí oríṣi rẹ̀ lé ní 15,000. Ti Mẹ́síkò ni Phaseolus vulgaris, èyí tí dúdú, pupa, àti alámì tó-tò-tó wà nínú rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé inú agolo ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń pàdé rẹ̀. Síbẹ̀, ìbátan rẹ̀ ti wà nínú oko Yorùbá tipẹ́tipẹ́: awùjẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní pòpòǹdó, Phaseolus lunatus ni, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni òun náà sì ti ṣẹ̀ wá. Lójú òǹkọ̀wé yìí, awùjẹ̀ ni ó yẹ kí olùdáná Ọ̀rà kọ́kọ́ rò, kí ó tó ná owó sórí agolo.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀, ó sì kan ọ̀rọ̀ omi tí a mẹ́nu bà lókè. Awùjẹ̀, pàápàá jù lọ èyí tí ó láwọ̀, ní èròjà kan tí ó lè di májèlé, ìdí nìyí tí àwọn àgbàlagbà fi máa ń rẹ ẹ́, tí wọ́n sì máa ń da omi àkọ́sè rẹ̀ nù. Ẹ̀wà pupa ti Mẹ́síkò náà ní májèlé tirẹ̀: ó yẹ kí wọ́n rẹ ẹ́ fún wákàtí 5 ó kéré tán, kí wọ́n da omi náà nù, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó hó yaya nínú omi tuntun fún ìṣẹ́jú 10 kí wọ́n tó dín iná rẹ̀ kù. Ìkòkò iná mànàmáná tí ń rọra sè, èyí tí ẹlòmíràn ń lò ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í gbóná tó láti pa májèlé yìí, kódà ó lè mú kí ó le sí i. Lẹ́yìn èyí ni ìlànà méjèèjì wá pínyà. Olùdáná Ìgbómìnà fẹ́ kí omi fà tán, kí ẹ̀wà rọ̀ kí epo sì mú un. Ará Mẹ́síkò fẹ́ kí omi ṣẹ́kù, kí ó ki díẹ̀, nítorí pé inú abọ́ ni wọ́n ti ń bu omi náà mu pẹ̀lú ẹ̀wà, bí ẹni ń mu ọbẹ̀. Ẹni tí ó bá lo awùjẹ̀ yóò da omi kìíní nù láìbojú wẹ̀yìn, omi kejì ni yóò tọ́jú.

Ohun tí ń lọ sínú omi kejì yìí kéré débi pé ó lè ya ará Ọ̀rà lẹ́nu: ìdajì àlùbọ́sà tí wọn kò rẹ́, ẹyọ ààyù kan tàbí méjì, ọ̀rá díẹ̀, àti iyọ̀. Kò sí ata nínú ìkòkò. Ẹ̀gbẹ́ abọ́ ni wọ́n ń gbé ata sí, kí olúkúlùkù bù ú bí ó ti fẹ́. Kò sí tòmáàtì níbẹ̀ títí ẹ̀wà yóò fi rọ̀, ọgbọ́n sì wà nínú èyí, nítorí pé ìkan tòmáàtì máa ń dá èèpo ẹ̀wà dúró kí ó má tètè rọ̀. Kan-ún ń ṣe òdìkejì rẹ̀, ó ń tú ohun tí ó so èèpo náà pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì kan jẹ́ nínú ẹ̀wà, adùn rẹ̀ sì máa ń hàn ketekete nínú omi tí wọn kò fi epo àti ata bò. Ó sàn kí igi ìdáná pọ̀ ju kí kan-ún wọ inú ìkòkò yìí lọ. Ìkòkò amọ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù ní Mẹ́síkò, irú èyí tí àwọn obìnrin àdúgbò Dàda ní Ìlọrin ń mọ sì tó bẹ́ẹ̀.

Ewé kan ṣì kù, epazote, olóòórùn líle tí wọ́n ń fi sí ẹ̀wà nígbà tí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, tí wọ́n gbà pé kì í jẹ́ kí ẹ̀wà kún inú. Àwọn kan yóò ní kí wọ́n fi ẹfinrin rọ́pò rẹ̀. Òórùn méjèèjì kò jọra rárá, ṣùgbọ́n ẹfinrin dára nínú omi ẹ̀wà fúnra rẹ̀, kò sì sí ìdí tí wọn yóò fi máa pè é ní ohun tí kò jẹ́.

Nípa ohun tí wọn yóò fi jẹ ẹ́, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi àgbàdo ṣe ni ti Mẹ́síkò. Wọ́n á kọ́kọ́ se àgbàdo náà nínú omi ẹfun gbígbóná, èyí tí ń tú fítámì kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ tí àwọn ará Yúróòpù pàdánù nígbà tí wọ́n gba àgbàdo láìgba ọgbọ́n yìí, tí àrùn pellagra fi jà ní Ítálì. Ní Ọ̀rà, ẹ̀kọ ni yóò dúró fún un, ìdàpọ̀ náà sì pé, nítorí pé ohun tí ń gbé ara ró tí kò tó nínú àgbàdo pọ̀ nínú ẹ̀wà, èyí tí kò sì tó nínú ẹ̀wà wà nínú àgbàdo.

Bí ó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, àwọn ará Mẹ́síkò a máa tẹ̀ ẹ́ fọ́ pẹ̀lú omi rẹ̀ díẹ̀, wọ́n a sì dín in nínú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ gbígbóná títí yóò fi dì. Ìlànà yìí kò jìnnà sí ti ẹ̀wà àgànyìn tí àwọn obìnrin láti Benin àti Tógò gbé wọ Èkó, àfi pé ti àgànyìn, ọbẹ̀ ata ni wọ́n ń dín lọ́tọ̀ tí wọ́n ń bù lé ẹ̀wà tí wọ́n ti tẹ̀ fọ́. Níbi tí wọn kì í ti í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, epo pupa tí wọ́n ti yọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí, pẹ̀lú àlùbọ́sà tí ó ti dúdú nínú rẹ̀, ni ó yẹ kí wọ́n fi dín in, kí iná má sì pọ̀ jù, nítorí pé ẹ̀wà títẹ̀ tètè máa ń jóná mọ́ ìdí ìkòkò.