Erin ni Dádì fẹ́, kìnnìún ni Mọ́mì ń wí: níbo gan-an ni kéèyàn ti lọ wo ẹranko?

Gbẹgẹdẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbiná nílé tọkọtaya kan ní Ṣómólú, l'Ékòó, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ. Àjọ tí ìyàwó ti ń dá láti ọdún méjì ló kó. Wọ́n sì ti ṣèlérí fáwọn ọmọ mẹ́ta pé bí wọ́n bá ti gba ọlidé oṣù kẹjọ, àwọn yóò kó wọn lọ wo ẹranko nínú igbó gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n tì mọ́nú àgò. Ibi tí wọn yóò lọ ló dìjà.

"Dádì wọn, Kẹ́ńyà ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé owó àjọ yẹn ló máa gbé èèyàn márùn-ún wọ bàálù lọ sí Kẹ́ńyà? Yankari ńkọ́, tó wà ní Bauchi níbí?"

Ká sòótọ́, ọkọ ò sọ̀sọkúsọ. Oṣù Kejìlá ọdún 1962 ni wọ́n ti ṣí Yankari fáráàlú, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó 2,244 kìlómítà níbùú lóròó. Ibẹ̀ ni erin tó pọ̀ jù kù sí ní Nàìjíríà. Omi Wikki tún wà níbẹ̀, omi tó ń ṣàn látinú àpáta, tó mọ́ débi pé èèyàn ń rí yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán tòru. Kìnnìún náà wà, ṣùgbọ́n ó ti ṣọ̀wọ́n débi pé kò yẹ kẹ́nikẹ́ni torí ẹ̀ wọkọ̀.

Ìyàwó ló mọ ohun tó ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ti bá àwọn ará ibiṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Yankari rí, nínú oṣù kẹjọ gan-an. Koríko ga ju ọkọ̀ lọ, òjò ń rọ̀, gbogbo odò ló kún. Níbi tí omi bá ti wà káàkiri, kí ni erin ń wá lọ sétí odò Gaji? Wọ́n yí igbó po láàárọ̀, wọ́n yí i po nírọ̀lẹ́, ìnàkí nìkan ni wọ́n rí, ìyẹn náà já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Ẹ̀bi Yankari kọ́ o. Láti bí oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kẹrin ni wọ́n ń lọ síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí iná ti jó koríko, tí òùngbẹ sì ń lé àwọn ẹranko wá sódò.

Tó bá jẹ́ oṣù kẹjọ dandan, Kẹ́ńyà ni ìyàwó fi jàre. Àsìkò yẹn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wildebeest máa ń ti Serengeti ní Tanzania ya wọ Maasai Mara, tí ọ̀nì ń dúró dè wọ́n nínú odò, tí kìnnìún ń dúró dè wọ́n lókè. Ṣùgbọ́n àwọn ará Kẹ́ńyà náà mọ àsìkò ọjà. Láti ọdún 2024, 100 dọ́là ni àlejò tó ti dàgbà ń san lójúmọ́ láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹfà. Bó bá ti di oṣù Keje, ó di 200 dọ́là. Owó àtiwọlé nìkan nìyẹn, bàálù, ọkọ̀ àti òtẹ́ẹ̀lì ò sí níbẹ̀. Ẹ fi náírà ṣírò ẹ̀ fúnra yín, àwa ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni ru.

Àbúrò ọkọ dá sí i. Ó ní kí wọ́n gba Kútọnu kọjá sí Pendjari, níbi tí kìnnìún wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n jí àwọn ará Faransé méjì gbé níbẹ̀, tí wọ́n pa ẹni tó ń mú wọn kiri, látìgbà náà sì làwọn agbébọn ti ń da agbègbè yẹn láàmú. Igbó Kainji náà ò fọkàn ẹni balẹ̀ mọ́. Igbó Ọ̀yọ́-Ilé sún mọ́ wọn ju ìwọ̀nyí lọ, ahoro ìlú àwọn Aláàfin àtijọ́ wà nínú ẹ̀, àgbọ̀nrín àti ẹfọ̀n sì wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn yóò gbádùn ẹ̀, bó bá ti kọ́kọ́ bi àwọn ará ibẹ̀ bóyá igbó náà tòrò. Ṣùgbọ́n erin ni wọ́n ṣèlérí fáwọn ọmọ.

Ìgbẹ̀yìn, oṣù ni wọ́n pààrọ̀, wọ́n fi Yankari sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù Kejì ni wọn yóò lọ, nígbà tí iléèwé bá gba ìsinmi àárín sáà. Oṣù kẹjọ yìí, Olúmọ l'Ábẹ́òkúta ni káwọn ọmọ máa mú mọ́ra. Ìyàwó ní òun ò ní tẹ ọ̀nà Bauchi lálẹ́, pé bàálù ni kó gbé àwọn dé ìtòsí, kí ọkọ sì san ìdajì ẹ̀. Ọkọ gbà, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ò dùn.

Àbíkẹ́yìn wọn ló béèrè bóyá ìnàkí ń jẹ Gala.

"Ìwọ ṣáà gbé e síta," ni ìyá ẹ̀ wí, "wàá rí i."