Ta Ló Ń Ṣọ́ Òrùlé?

Àbúrò mi ọkùnrin ló fi ìwé àdéhùn kan ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun kà á kí òun tó fọwọ́ sí i. Ó fẹ́ yá motorhome, ọkọ̀ tí ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìtọ̀ wà nínú rẹ̀, kí gbogbo wa lè gbé e láti Manchester lọ sí Scotland nígbà tí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi. Mo kà á dé ibi ọ̀rọ̀ adójútòfò. Wọ́n ní bí a bá san àfikún owó, tí ọkọ̀ bá ha tàbí tí ara rẹ̀ tẹ̀, ìba díẹ̀ ni a ó san. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà nísàlẹ̀ pátápátá: àfikún owó náà kò kan òrùlé. Bí òrùlé bá fi lè fọ́, àwa la ó san gbogbo rẹ̀.

Ìlà yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó ni ọkọ̀ gbà láti bá wa pín ewu iwájú, ti ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́. Kí ló rí lára òrùlé tó fi yọwọ́? Mo wá àdéhùn ilé iṣẹ́ mìíràn kà, ohun kan náà ni mo bá níbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ìṣirò ni. Ọkọ̀ tí àbúrò mi ń wà lọ síbi iṣẹ́ ga tó nǹkan bíi mítà 1.5. Èyí tó fẹ́ yá súnmọ́ mítà 3. Irin tí wọ́n fi ń dábùú ẹnu ọ̀nà ibi ìgbọ́kọ̀sí kì í sábà ga ju mítà 2 lọ púpọ̀. Ní Britain, afárá tí àyè abẹ́ rẹ̀ kò bá tó ẹsẹ̀ bàtà 16 àti íńṣì 6 ni wọ́n máa ń kọ gíga sí lára. Ẹni tó bá mọ gíga ọkọ̀ rẹ̀, tó sì ka ẹ̀rọ amúlétutù àti àwo sátẹ́láìtì orí òrùlé mọ́ ọn, yóò mọ ibi tó lè gbà. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Afárá ojú irin kan wà ní Durham, ní North Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ bàtà 11 àti íńṣì 8 ni àyè abẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2008 ni Jürgen Henn, tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí ibẹ̀ nígbà náà, ti gbé kámẹ́rà tì í, tó ń ya fídíò àwọn ọkọ̀ tó ń forí sọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọkọ̀ àyálò. Àmì wà níbẹ̀. Ní 2016 wọ́n fi ẹ̀rọ kan kún un: bí ọkọ̀ tó ga jù bá ń bọ̀, iná ìdarí ọkọ̀ á di pupa, àkọlé á sì tàn pé kí awakọ̀ yà kúrò. Ní 2019 wọ́n tilẹ̀ gbé afárá náà sókè. Síbẹ̀, ọkọ̀ ṣì ń forí sọ ọ́. Àwọn awakọ̀ wọ̀nyí mọ̀wé kà, ojú wọn sì là. Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀?

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ìyá wa àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló dá mi lóhùn. Ẹnu ọ̀nà náà kúrú. Bí ọwọ́ wa bá ṣófo, eré la máa ń sá gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ru garawa omi, kó tó débẹ̀ rárá ni yóò ti máa tẹ orúnkún wálẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á nà ṣánṣán, tí omi kò ní dànù. Kò sẹ́ni tó wọn garawa fún un. Ọrùn rẹ̀ ló sọ fún un pé ó ti ga sí i. Awakọ̀ motorhome kò ní irú ọrùn bẹ́ẹ̀. Orí àga tó rọ̀ ló jókòó sí, stíárìn wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń wà, òrùlé kò sì wúwo lórí rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ara rẹ̀ á fi padà sí ìwọ̀n tó ti mọ́ ọn lára. Nígbà náà, àmì ojú ọ̀nà á dà bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ẹlòmíràn sọ.

Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òkè orí ni ojú alákàn wà. Abẹ́ òrùlé ni ojú awakọ̀ wà, kò sì sí dígí tó ń fi òrùlé hàn án. Ojú ẹlòmíràn ló kù.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Ẹni tó bá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé á ké sí ọmọ tó ru omi pé, "Rọra, bẹ̀rẹ̀ o!" Ní gáréèjì, bí awakọ̀ bá fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn, kọ́ńdọ̀ á bẹ́ sílẹ̀, á máa gbá ara ọkọ̀, á ní, "Máa bọ̀, máa bọ̀, gé e sọ́tùn-ún, dúró!" Awakọ̀ tó ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ náà á dúró nígbà tí ọmọdé ní kó dúró, kò sì ní kà á sí àbùkù. Lókè òkun níbí, a ti kọ́ láti máa dá wakọ̀. Ẹni tó jókòó tì wá ń wo fóònù. Ìwà yẹn ni à ń gbé wọ ọkọ̀ tí bí iwájú rẹ̀ bá yà sósì, ìdí rẹ̀ á jù sọ́tùn-ún, tó lè fi gbá òpó ilé epo láìsí eré kankan. Bí mo ṣe ń rò ó, ọ̀rọ̀ òrùlé kéré lójú mi. Ẹni tó jókòó láìníṣẹ́ nínú ọkọ̀ ni ewu tó tóbi jù.

Mo pe àbúrò mi, mo ní kó fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n a ó pín iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa ka iye ara afárá sókè. Èmi ni n óò máa sọ̀kalẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn.

Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ṣe kọ́ńdọ̀ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni."

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ yá irú ọkọ̀ yìí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ yípo, títí kan òrùlé, kí ẹ tó gbé e kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ẹ kọ gíga rẹ̀ síwájú awakọ̀, ní mítà àti ní ẹsẹ̀ bàtà. Kí ẹnì kan máa rìn yí i ká kí ẹ tó gbéra, kó wò ó bóyá fèrèsé òrùlé ti pa dé, bóyá wọ́n ti ká ìbòrí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, bóyá àtẹ̀gùn ti wọlé, bóyá gáàsì ti kú. Bí kò bá sì sí ẹni tó lè sọ̀kalẹ̀ wo ẹ̀yìn, kí awakọ̀ dúró, kó sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni yóò gbà á, bẹ́ẹ̀ àfikún owó tí ẹ san lè má kan òrùlé rárá.