Lẹ́tà sí Ìfọ́n láti Niú Yọ́ọ̀kì

Bàbá ìyá mi,

Bí mo bá rí ilé tí wọ́n ń tún ṣe níbí, àwọn ilé tó jóná lọ́dọ̀ yín ní Ìfọ́n ni ń wá sí mi lọ́kàn, àti ti àwọn ẹbí bàbá mi ní Ìlobùú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí Gómìnà Ọ̀ṣun, Adémọ́lá Adélékè, fi òfin kónílé-ó-gbélé de Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹrin-Ọ̀ṣun nítorí ìjà àwọn ìlú náà, èmi ọmọ ìlú méjèèjì kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí ǹ bá kọjú sí kí n sunkún.

Ẹ ní kí n bá ìgbìmọ̀ yín tó ń tún ilé kọ́ wádìí bí àwọn tó ń fi ilé gba aláìnílé níbí ṣe ń rówó. Mo ti lọ. Ní tòsí Times Square, ní òpópónà kẹtàlélógójì, ilé gogoro kan wà tí wọ́n kọ́ ṣe òtẹ́ẹ̀lì ní àwọn ọdún 1920. Ó ti bàjẹ́ kọjá sísọ kí ẹgbẹ́ Common Ground, tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Rosanne Haggerty dá sílẹ̀ ní 1990, tó gbà á, tí wọ́n sì tún un ṣe. Breaking Ground ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ báyìí. Yàrá 652 ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ti sùn sí títì rí wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ tówó wọn kò tó nǹkan náà wà níbẹ̀, títí kan òṣèré tíátà. Ẹni tí ọpọlọ ń dà láàmú ní ẹni tó ń rán an létí oògùn. Ẹni tí ọtí ti ba ayé rẹ̀ jẹ́ ní ẹni tó ń bá a jókòó sọ̀rọ̀.

Bàbá, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí nìyí: àpò tí wọ́n fi kọ́lé kọ́ ni àpò tí wọ́n fi ń tọ́jú ará ilé.

Ti ilé kíkọ́, òfin kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 1986 ló gbé e ró. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó yẹ kó san owó orí yóò kówó sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, ìjọba á sì máa yọ iye kan kúrò nínú owó orí rẹ̀ lọ́dọọdún fún ọdún 10. Ṣùgbọ́n bí ilé náà bá bọ́ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù kí ọdún 15 tó pé, ìjọba lè gba apá kan owó yẹn padà. Nítorí èyí, olówó fúnra rẹ̀ ni ń ṣọ́ ilé. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí púpọ̀.

Ti owó ilé, ètò kan wà láti 1974 tí wọ́n ń pè ní Section 8. Ẹni tó wà nínú ètò náà ń san nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un, ìjọba á san ìyókù.

Ìtọ́jú ló ń gbé wọn lóorun lọ. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1987 nítorí àwọn aláìnílé fún wọn láǹfààní owó ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n owó náà kì í ṣe ti ayérayé: àsìkò á pé, wọn á tún kọ̀wé bẹ̀bẹ̀. Bí ìjọba bá sì gbé dọ́là 100 kalẹ̀, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wá ohun tó tó dọ́là 25 kún un. Kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n ń gbà o, iṣẹ́ ọwọ́ tí ènìyàn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ náà ní iye lójú wọn. Ó rán mi létí àáró àti ọ̀wẹ̀ lóko yín. Ọrẹ àwọn aláàánú sì wà, ihò tí owó ìjọba kò dé ni wọ́n fi ń dí.

Nílé, ẹ mọ bí a ti ń kówó jọ. Wọ́n á gbé gbohùngbohùn jáde, ẹnì kan á ṣèlérí àpò sìmẹ́ńtì, òmíràn á ní òun á ra páànù, a ó pàtẹ́wọ́. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dìde pé òun á máa san owó oṣù nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ìgbìmọ̀ ní àpò méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ìkejì jẹ́ ti ohun tí a ó máa san lóṣooṣù. Àwọn ìyálọ́jà àti àwọn awakọ̀ mọ bí a ti ń dá èésú. Ẹ bẹ̀ wọ́n wò.

Ohun kejì ṣòro, ṣùgbọ́n n kò lè pa á mọ́. Kí ọmọ Ìlobùú kan máa buwọ́ lu ìwé owó tiyín, kí ọmọ Ìfọ́n kan máa buwọ́ lu ti Ìlobùú. Ìjọba ìbílẹ̀ tiwa ń jẹ́ Ìrẹ́pọ̀dùn, tiyín ń jẹ́ Orólù. Ààlà yẹn kò dènà ìyá mi láti wá fẹ́ bàbá mi. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú àpò ìlú kejì kò ní fẹ́ kí iná tún ràn níbẹ̀.

Mo ti fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín. Ẹ má fi ra bíríkì. Ìyá arúgbó tó ń gbé lọ́dọ̀ yín láti ìgbà tí ilé rẹ̀ ti jóná, tó ń ta gìrì bí ọ̀kadà bá dún lóru, ẹ bá mi wá obìnrin onísùúrù kan tí yóò máa sùn tì í. Owó oṣù mẹ́ta ni mo fi ránṣẹ́. Màá fi ti oṣù kẹrin ránṣẹ́ kó tó pé.

Ọmọ yín.