Ọwọ́ Tí Ń Hán Bọ́ọ̀lù

Ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín, àwa tí a fẹ́ràn bésíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù afigigbá ti àwọn ará Amẹ́ríkà, kò pọ̀ rárá. Yankees ti New York ni tiwa. Ní oṣù Kẹwàá, aago kan òru ni eré wọn sábà ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ ìdí tí ojú wa fi ń pọ́n.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Juan Soto fi Yankees sílẹ̀ lọ bá Mets, fún àdéhùn ọdún 15 àti mílíọ̀nù 765 dọ́là. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ figbe ta. A kò bá wọn sunkún. Ṣebí nínú eré karùn-ún àṣekágbá ọdún náà, ayò 5 sí òdo ni a fi ń ṣíwájú Dodgers? Aaron Judge jẹ́ kí bọ́ọ̀lù tí ọmọdé lè hán já bọ́. Gerrit Cole kò sáré dé ibùdó kìíní. 7 sí 6 ni wọ́n fi lù wá. Igi tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù kọ́ ló já wa kulẹ̀, ọwọ́ tí ń hán an ni.

Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn nígbà tí wọ́n mú Max Fried, ajubọ́ọ̀lù, àti Cody Bellinger wá. Láìsí Soto, eré 94 ni ẹgbẹ́ borí ní 2025, bákan náà pẹ̀lú ti 2024. Blue Jays ló wá lé wa jáde.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Anthony Volpe ní èjìká, ẹni tí ń ṣọ́ àárín ibùdó kejì àti ìkẹta nígbà náà. Àwọn kan ní kí wọ́n tà á. Àwa ní kí wọ́n dúró dè é, ṣùgbọ́n kí wọ́n tètè wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá múṣé sí ipò náà.