Owó Tó Wà Nínú Ilẹ̀

Ọ̀mọlé ni bàbá mi n'Íbàdàn, bíríkìlà ni èmi. Lójú ẹni tó ń wòran, iṣẹ́ kan náà ni. Àmọ́ ọ̀nà tí owó ń gbà jáde lápò onílé nínú méjèèjì jìnnà síra.

Láyé iṣẹ́ bàbá mi, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí náà ni wọ́n ti ń wa amọ̀. Wọn a bu omi sí i, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná, kí wọ́n tó mọ ipele kìíní. Ipele yìí gbọ́dọ̀ gbẹ kí òmíràn tó gorí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé mímọ fi jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò tí ẹnikẹ́ni ò retí bá wá wó ògiri, onílé á bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn àna rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ará agboolé á dé, onílé a gúnyán fún wọn. Àdánù náà ò kéré o, àmọ́ iṣu, ẹmu àti agbára ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n fi ń san án.

Sìmẹ́ńtì ló yí i padà. A ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ ti fi iṣẹ́ bíríkìlà wọn hàn l'Ékòó: Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, iṣẹ́ ọwọ́ João Baptista da Costa ni. Ṣùgbọ́n nǹkan olówó ni nígbà náà. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960 ni olùkọ́ àti akọ̀wé náà bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ilé bílọ́ọ̀kù. Kò sì sẹ́ni tó lè bẹ ọ̀wẹ̀ sìmẹ́ńtì. Ẹni tó ń kọ́lé nìkan ló ni gbèsè rẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fẹ́ràn ìtàn 1975. Ìjọba Gowon ra nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì lókè òkun, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èbúté Èkó ò lè gba ju díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ lọ́dún. Ọkọ̀ tò sójú òkun lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún, ìjọba ń sanwó ìdúró fún wọn, lára sìmẹ́ńtì náà sì dì sínú ọkọ̀. Bí oníbàárà bá gbé ìwé ìṣirò tó mọ́ tónítóní wá, ọ̀gá mi á ní, "Ìjọba tó ní epo rọ̀bì gan-an ò ṣírò owó ìdúró."

Bílọ́ọ̀kù rọrùn láti kà, páànù náà rọrùn. Inú ilẹ̀ ni ohun tó ń kó owó lọ sá pamọ́ sí. N'Íbàdàn, o lè gbẹ́ igun kan kó jẹ́ ilẹ̀ pupa tó dáa, kí igun kejì jẹ́ àpáta tí dígà ò ràn. Ilẹ̀ etí odò ló máa ń wu èèyàn nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Ẹ bi àwọn tó kọ́lé sétí odò Ògùnpa kí omíyalé 1980 tó dé. L'Ékòó, yanrìn tí a fi ń dí àbàtà lè jẹ owó ní àjẹsùn kí bílọ́ọ̀kù kan tó délẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tún wà ńbẹ̀ tí wọ́n ń gbowó: owó ìpìlẹ̀ lọ́tọ̀, ti dẹ́kìn lọ́tọ̀, ti òrùlé lọ́tọ̀. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 sọ gbígba irú owó bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ àwọn oníbàárà mi ò tíì yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò.

Àwọn kan ní kí a fi ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé pamọ́ de àìròtẹ́lẹ̀. N ò gbà. Náírà tí a fi pamọ́ kì í dúró dè wá. Lẹ́yìn tí ìjọba fi iye náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, kò pé ọdún kan tí àpò sìmẹ́ńtì kan fi kọjá 10,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Nítorí náà, irin ni mo máa ń ní kí wọ́n fi owó náà rà, tàbí gíránáìtì, tàbí kí wọ́n mọ bílọ́ọ̀kù sílẹ̀. Bí àpáta bá yọjú, irin ṣeé tà, iye rẹ̀ á sì ti lé. Kì í ṣe sìmẹ́ńtì o. Bó bá ti lé lóṣù mẹ́ta, agbára rẹ̀ ń lọ nìyẹn, ọ̀rinrin a sì mú un dì nínú àpò. Olè nìkan ni àléébù irin, ẹ má tò ó sórí ilẹ̀ tí ẹnì kankan ò sùn sí.

Nọ́ọ̀sì kan tó wà ní London ni mò ń kọ́lé fún báyìí. Orí WhatsApp ló ti ní kí n dá iye lé gbogbo iṣẹ́. Mo ní kó kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ kí n gbẹ́ ihò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí òjò sì rọ̀ sí i ká wò ó.

"Bàbá, owó ihò kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màdáàmù. Owó ihò."

Ààtàn àtijọ́ la bá nísàlẹ̀ igun kan, àkísà àti àpáàdì ló kún un. A sún ilé kúrò níbẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà, ayàwòrán ilé tún àwòrán rẹ̀ ṣe, ìpìlẹ̀ sì jáde. Irin tó rà pamọ́ wà lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀. Òrùlé là ń jiyàn lé lórí báyìí. Páànù aláwọ̀ ló fẹ́. Èmi ní kó kọ́kọ́ gbẹ́ kànga, torí omi táńkà tí à ń rà láti fi po sìmẹ́ńtì ò sí nínú ìwé tó kọ ránṣẹ́ sí mi.